Kí Ló Dé Tí Òjò Ń Gba Àwòrán Lójú Tẹlifíṣàn? Ohun Tó Mọ́ Gaara Lójú Wa Lè Ṣókùnkùn Lójú Ìgbì

Kò sẹ́ni tó ní díìsì lórí ilé ní Ìrẹsàadú, Ìrẹsàapá tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí. Òjò á ṣú láti ìlà oòrùn, atẹ́gùn á fẹ́, kó tó di pé òjò náà balẹ̀ dáadáa, àwòrán orí tẹlifíṣàn á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á dúdú, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí sígínà. Fún onílé ìwòran bọ́ọ̀lù tó ti gbowó lọ́wọ́ èrò, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn. Àwọn kan á ní ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ gé e. Àwọn mìíràn á ní dikódà ló bàjẹ́. Ẹlòmíì á tilẹ̀ pe oníṣẹ́ díìsì, á sanwó iṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Òjò ló fà á. Àmọ́ ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, báwo ni omi ṣe lè dí ìgbì lọ́nà? Tí ẹ bá bu omi tó tòrò sínú ife díńgí, tí ẹ gbé ọwọ́ sẹ́yìn ife náà, ẹ ó rí ọwọ́ yín kedere. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú omi kọjá láìsí wàhálà. Kí ló wá dé tí ìgbì tẹlifíṣàn kò rọ́nà gbà?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ maikirowéèfù ilé ìdáná mú ọbẹ̀ gbóná. Òun náà ló sì yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó fowó ra ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń dènà rédíéṣọ̀n lára fóònù.

Ọmọ ìyá ni ìmọ́lẹ̀ àti maikirowéèfù

Ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí, ìgbì rédíò FM, ìgbì fóònù àti ìgbì maikirowéèfù, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Gígùn wọn ló yàtọ̀. Ẹ rántí ìgbì orí omi: láti góńgó ìgbì kan dé góńgó èyí tó tẹ̀lé e, ìyẹn là ń pè ní gígùn ìgbì.

Ìgbì rédíò FM gùn tó bíi mítà mẹ́ta. Ìgbì inú ẹ̀rọ maikirowéèfù ilé ìdáná gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Èyí tí díìsì kékeré orí ilé ń gbà kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ. Ní ti ìmọ́lẹ̀, gígùn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan ṣoṣo.

Bí ìgbì bá kan nǹkan, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ó lè kọjá lọ, nǹkan náà lè dá a padà, tàbí kó gbé e mì. Irin máa ń dá ìgbì maikirowéèfù padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin ṣe díìsì. Pákó gbígbẹ, páálí àti ike máa ń jẹ́ kó kọjá. Omi ní tiẹ̀ máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, ohun tó bá sì gbé mì á di ooru.

Nítorí náà, ká sọ pé nǹkan kan mọ́ gaara kò tíì tó. Lójú ta ni ó ti mọ́ gaara? Ilẹ̀kùn pákó ṣókùnkùn lójú èèyàn, síbẹ̀ ẹni tó tì í mọ́rí ṣì ń gba ìpè lórí fóònù nínú yàrá. Omi inú ife mọ́ gaara lójú èèyàn, àmọ́ lójú maikirowéèfù, ńṣe ló dà bí ògiri.

Kí ló wà nínú omi?

Ẹyọ omi tó kéré jù lọ ní hydrogen méjì àti oxygen kan. Bí wọ́n ṣe so pọ̀ kò dọ́gba: apá kan ní iná pọ́sítíìfù díẹ̀, apá kejì ní nẹ́gétíìfù díẹ̀, bí orí àti ìdí bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bí ìgbì bá ń kọjá, iná tó wà nínú ìgbì náà ń yí padà síwá sẹ́yìn, ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan á sì fẹ́ yí tẹ̀lé e.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọjà tó kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ yí padà lójijì gbọ́dọ̀ fi èjìká gbá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo ọjà bá ń yí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á máa kọlu ara wọn. Bí omi ṣe ń ṣe nìyẹn, kíkọlu ara wọn yìí ló sì ń di ooru.

Bí ìgbì bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bíi ti FM, ẹyọ omi á máa bá a lọ ní ìrọ̀rùn, agbára tó máa sọnù kò ní tó nǹkan. Bó bá yára kọjá àlà, bíi ti ìmọ́lẹ̀, ẹyọ omi kò ní ráyè mira rárá kí ìgbì tó yí padà, ìmọ́lẹ̀ á sì kọjá lọ. Àárín méjèèjì ni maikirowéèfù wà. Ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń gbìyànjú láti bá a yí, àmọ́ tí kò lè bá a dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí omi fi mọ́ gaara sí ìmọ́lẹ̀, tó sì ń gbé maikirowéèfù mì.

Ìgbì inú ẹ̀rọ ilé ìdáná ń yí padà ní ìgbà bílíọ̀nù méjì àti mílíọ̀nù 450 ní sẹ́kọ́ọ̀ndì kan ṣoṣo. Òun ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà ní 2450 MHz, tàbí 2.45 GHz. Àwọn kan máa ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń gbé ìgbì mì jù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú omi tí kò gbóná tí kò sì tutù, ibi tó ti pọ̀ jù sún mọ́ 20 GHz. Tó bá ṣe pé ìyẹn ni wọ́n lò nílé ìdáná ni, ojú ọbẹ̀ nìkan ni ì bá máa hó, inú rẹ̀ ì bá ṣì tutù. Ìgbì 2.45 GHz máa ń wọnú oúnjẹ bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí mẹ́ta kí púpọ̀ nínú rẹ̀ tó tán.

Yìnyín ńkọ́? Yìnyín náà lè mọ́ gaara, àmọ́ ẹyọ omi inú rẹ̀ ti há síbì kan, wọn kò lè yí. Nítorí náà, yìnyín kì í gbé ìgbì mì bí omi. Ẹni tó bá gbé ẹja pánla tó dì gbagidi sínú maikirowéèfù á rí i pé etí ẹja ti ń jinná nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Ibi tó kọ́kọ́ yọ́ ti di omi, òun ló wá ń gba gbogbo ìgbì. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yọ́ oúnjẹ tó dì máa ń tan ẹ̀rọ náà, á pa á, á tún tàn án, kí ooru lè ráyè rìn dé àárín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí díìsì nígbà òjò

Sátẹ́láìtì tó ń gbé àwòrán wá jìnnà sókè tó bíi kìlómítà 36,000. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, òfìfo ló pọ̀ jù, kò sí ohun tó dí ìgbì lọ́wọ́. Kìlómítà mélòó kan tó kẹ́yìn, níbi tí òjò wà, ni ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà.

Ìgbì tí díìsì kékeré ń gbà wà ní nǹkan bíi 11 sí 12 GHz, ó sì sún mọ́ ibi tí omi ti ń gbé ìgbì mì dáadáa. Ẹ ro òjò ńlá kan, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, omi inú agolo á ga tó mìlímítà 100. Ìṣirò tí àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, ń lò fi hàn pé bí ìgbì 12 GHz bá rin kìlómítà kan nínú òjò yẹn, nínú 100 tó wọlé, bíi 30 ló máa jáde. Lẹ́yìn kìlómítà kejì, ó máa ku bíi 9. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kò ní ju 3 lọ. Apá kan nínú ohun tó sọnù ni omi gbé mì, apá kan ni àwọn ẹ̀kán òjò tú ká síbòmíràn. Omi tó lẹ̀ mọ́ ojú díìsì fúnra rẹ̀ tún ń gba díẹ̀ kún un.

Ìgbì 4 GHz tí díìsì ńlá àtijọ́ ń lò yàtọ̀. Nínú irú òjò kan náà, nínú 100 tó wọlé, ó lé ní 95 tó máa jáde lẹ́yìn kìlómítà kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣì ní díìsì ńlá nínú ọgbà fi lè máa wo tẹlifíṣàn rẹ̀ lọ nígbà tí ti aládùúgbò ti lọ.

Iṣẹ́ táwọn onímọ̀ ṣe ní Ifẹ̀

Ilẹ̀ Yorùbá ní ipa tirẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Fún ìgbà pípẹ́, ìṣirò bí ẹ̀kán òjò ṣe ń tóbi tó, èyí tí Marshall àti Palmer ṣe ní Kánádà lọ́dún 1948, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbára lé. Àmọ́ òjò Kánádà kọ́ ni òjò ilẹ̀ wa. Òjò tiwa lágbára, ó sì ń wá pẹ̀lú ìjì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Ajayi ti yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, lo ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀kán òjò ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́dún 1985, òun àti R. L. Olsen tó wà ní Kánádà gbé àbájáde rẹ̀ síta nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Radio Science. Iṣẹ́ náà ṣàlàyé bí ẹ̀kán òjò ilẹ̀ olóoru ṣe pín sí kékeré àti ńlá, kí àwọn tó ń ṣètò ìgbì maikirowéèfù lè mọ iye tí òjò máa gbà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 2008, J. S. Ojo àti M. O. Ajewole ti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú S. K. Sarkar, gbé ìṣirò tiwọn jáde lórí òjò àti ìgbì sátẹ́láìtì káàkiri Nàìjíríà.

Irú ìṣirò yìí kì í ṣe ti ìwé lásán. Sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1R, tí wọ́n jù sókè láti China ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ní apá kan tó ń lo ìgbì tó ga ju 12 GHz lọ. Bí ìgbì ṣe ń ga sí i ni òjò ń dà á láàmú sí i. Ẹni tí kò bá ka òjò mọ́ ìṣirò rẹ̀ á kàn ra ohun tó máa ń sùn lójoojúmọ́ nígbà òjò ni.

Ti fóònù ńkọ́? Ìgbì láti fóònù dé máàsì gùn ju ti díìsì lọ, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ ẹ wo orí máàsì dáadáa, ẹ ó rí àwọn nǹkan róbótó funfun tó dà bí ìlù. Àwọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti máàsì kan dé òmíràn, maikirowéèfù sì ni wọ́n ń lò. Òjò ńlá lè já ibẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ri wáyà fáíbà mọ́lẹ̀, òjò kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì lójú ọ̀nà.

Ohun tí onídíìsì lè ṣe

Àkọ́kọ́, ẹ má gun òrùlé nígbà tí òjò bá ń ṣú tàbí tó ń rọ̀. Irin ni díìsì, àrá kì í sì í mọ ojú ẹni. Òjò tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́, àwòrán á padà wá fúnra rẹ̀.

Ìkejì, ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ni kí ẹ yẹ iye sígínà wò lórí dikódà. Bó bá ti wà nílẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ tí kò sí òjò, ìrì lásán lè gbé e lọ. Díìsì tí wọ́n bá kọjú ẹ̀ síbi tó yẹ gan-an máa ń ní àfikún agbára tó lè fi bá òjò díẹ̀ jà.

Ìkẹta, títóbi díìsì ṣe pàtàkì. Díìsì oní-sẹ̀ǹtímítà 90 ń kó ìgbì jọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ju ti oní-60 lọ. Onílé ìwòran bọ́ọ̀lù tó ń pàdánù owó lójú òjò lè rí i pé díìsì tó tóbi sàn ju dikódà tuntun lọ. Àmọ́ kò sí díìsì ilé kankan tó máa borí gbogbo òjò.

Ìkẹrin, bí òjò bá dá tán tí àwòrán kò padà, ìgbà yẹn ló tó kí ẹ pe oníṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ti yí díìsì, tàbí kí omi ti wọ ìdí wáyà níbi tó ti so mọ́ LNB.

Ilẹ̀kùn maikirowéèfù tí ẹ ń wo inú rẹ̀

Lọ́dún 1945, Percy Spencer, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀yà ara rédà, gba ọ̀nà tí wọ́n fi lè lo ìgbì yìí láti se oúnjẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ iṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ti ní láti dáhùn ìbéèrè kan: báwo ni oníbàárà á ṣe rí oúnjẹ rẹ̀, tí ìgbì kò sì ní jáde wá bá a?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé díńgí ilẹ̀kùn ló ń dá ìgbì dúró. Díńgí kọ́. Nínú díńgí náà ni irin pẹlẹbẹ kan wà tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ajọ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Ìmọ́lẹ̀ kéré gan-an, ó ń gba ihò náà kọjá. Ìgbì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12 kò lè yọ níbẹ̀, irin náà á dá a padà sínú ẹ̀rọ. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ohun tó bá jò jáde kò gbọ́dọ̀ ju mìlíwáàtì 5 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, níbi tó jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹ̀rọ náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á títí tó fi máa kú.

Nítorí náà, ẹni tó bá ra maikirowéèfù tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Bí ilẹ̀kùn bá wọ́, bí kò bá pa dé dáadáa, tàbí tí irin oníhò náà bá ti ya, ẹ má lò ó. Ẹ má sì tàn án nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, nítorí kò ní sí ohun tó máa gbé ìgbì náà mì.

Abọ́ náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo abọ́ díńgí àti tánńganran ló ń jẹ́ kí ìgbì kọjá. Ẹ gbé abọ́ òfìfo síbẹ̀, ẹ gbé ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú kan. Bí omi bá gbóná tí abọ́ ṣì tutù, abọ́ náà dára. Bí abọ́ bá gbóná, òun náà ń gbé ìgbì mì nìyẹn, ẹ má fi gbé àmàlà wọnú ẹ̀rọ náà mọ́. Abọ́ tó ní ìlà wúrà tàbí fàdákà létí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ṣé díńgí tó ń gbé ìgbì mì wà lóòótọ́?

Ó wà. Ohun kan wà tó ń jẹ́ indium tin oxide. Bí wọ́n bá fi í kun ojú díńgí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú á ṣì ríran kọjá, àmọ́ iná mànàmáná á lè rìn lórí rẹ̀. Òun ló wà lójú ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, ó lè gba ìgbì maikirowéèfù sọ́rùn kó sì sọ ọ́ di ooru.

Ààlà wà fún un o. Ẹyọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo kò lè gbé ju ìdajì ìgbì mì lọ. Láti gbé èyí tó kù mì, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Winfield Salisbury rí ọgbọ́n kan dá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: ẹ fi ohun tó ń dá ìgbì padà sẹ́yìn ọ̀rá náà, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ ìdámẹ́rin gígùn ìgbì. Fún ìgbì 10 GHz, àlàfo yẹn jẹ́ mìlímítà méje ààbọ̀. Fún 2.45 GHz, ó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Bí ìgbì bá yàtọ̀, àlàfo náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ kan tún ti fi omi sáàárín ike tó mọ́ gaara láti ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí pé omi ti mọ iṣẹ́ náà látilẹ̀wá.

Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní London mọ ìbátan rẹ̀ kan. Díńgí wíńdò ìgbàlódé tó ń pa ooru mọ́ sínú ilé ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára tójú kò rí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì máa ń dínkù lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ń dá ìgbì padà ni, kì í gbé e mì. Tíńtì ọkọ̀ tó ní irin nínú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rá tó ń dènà rédíéṣọ̀n: ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó rà á

Ibi tí owó ti ń sọnù nìyí. Wọ́n ń ta screen guard àti sítíkà pé ó ń gbé gbogbo rédíéṣọ̀n fóònù mì. Ìdánwò rẹ̀ kò le. Maikirowéèfù tí wọ́n ní ó ń gbé mì yẹn náà ni fóònù fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì lóòótọ́, fóònù kò ní lè pe ẹnikẹ́ni. Bí ìpè bá ń wọlé tó ń jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, ìgbì ń kọjá nìyẹn. Àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, FTC, ti kìlọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè mú kí fóònù lo agbára púpọ̀ sí i láti wá máàsì.

Ìbẹ̀rù máàsì náà kò tíì tán. Lọ́dún 2020, nígbà kòrónà, ariwo gba ìlú pé 5G ló fà á. Nígbà yẹn, àjọ NCC kò tíì fún ilé-iṣẹ́ kankan ní ìwé àṣẹ 5G. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ta ìgbì 3.5 GHz náà ní gbàǹjo.

Òótọ́ ni pé omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, ara èèyàn sì lè gbé maikirowéèfù mì. Ìdí gan-an nìyẹn tí òdiwọ̀n fi wà. Ìlànà àgbáyé tí ICNIRP gbé kalẹ̀ sọ pé ìgbì tó ju 2 GHz lọ kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 10 lórí mítà onígun mẹ́rin kan lára aráàlú. Oòrùn ọ̀sán gangan ń kó bíi wáàtì 1,000 lé ibi kan náà. Maikirowéèfù kò sì lágbára tó láti fọ́ àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí nínú ara bíi ti X-ray. Lọ́dún 2011, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ fi ìgbì rédíò sí abala àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, àmọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra kò nílò ọ̀rá kankan: kó lo ìfetígbọ́ oníwáyà, tàbí kó gbé fóònù jìnnà sétí.

Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn nípa máàsì tó wà ládùúgbò rẹ̀ tàbí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè pe NCC lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni.